Ọjọ́ Tí Anicetus Fi Tábìlì Olúwa Lé Polycarp Lọ́wọ́

Gbólóhùn kan ni kò jẹ́ kí n sinmi láti ìgbà tí Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀. Irenaeus ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 190, nígbà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí. Victor, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ló kọ ọ́ sí. Ó ní bí ààwẹ̀ àwọn Kristẹni ṣe yàtọ̀ síra ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbàgbọ́ wọn ṣọ̀kan.

Ká ní ó sọ pé kí wọ́n fara da ìyàtọ̀ náà ni, ǹ bá ti kà á kọjá. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lẹ́nu àwọn tó ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Èmi tí mo dàgbà láàárín àwọn ìjọ tí ọ̀kan ń bọ́ bàtà kó tó wọ ilé àdúrà, tí èkejì ń wọ̀ ọ́ wọlé, mo mọ bí a ṣe máa ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ìjọ méjì bá ń ṣe ohun kan lọ́nà méjì, ọ̀kan ti ṣìnà nìyẹn. Ohun tó kù ni ká mọ èyí tó jẹ́, a sì máa ń mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe tiwa.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀ wálé. Nígbà tó ṣe, mo padà sídìí ìwé ìtàn ìjọ tí Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin, nítorí inú apá karùn-ún ìwé náà ni lẹ́tà Irenaeus wà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe inú àròjinlẹ̀ ara rẹ̀ ló ti fa gbólóhùn náà yọ. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 35 ṣáájú ìgbà tó ń kọ̀wé, ohun náà ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kà.

## Ẹkún àti ẹ̀rín nínú ìlú kan

Aáwọ̀ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn Kristẹni ẹkùn Éṣíà, níbi tí Éfésù àti Símínà wà, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní, ń ṣe Ìrékọjá Olúwa, ọdún tí à ń pè ní Àjíǹde lónìí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nísàn, ọjọ́ tí àwọn Júù ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn. Ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣínu. Ní Róòmù àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ẹnikẹ́ni kì í ṣínu àfi lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ náà ni Olúwa jíǹde.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà ni. Nínú ìlú, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ikùn ni. Àwọn ará Éṣíà wà ní Róòmù tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń bímọ, wọ́n sì gbé àṣà ilé wọn dání. Lọ́sẹ̀ kan náà, Kristẹni kan á máa ṣọ̀fọ̀ ikú Olúwa rẹ̀, ebi á máa pa á, nígbà tí Kristẹni ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ti ń jẹ àsè.

Ó yẹ kí Yorùbá tètè lóye èyí. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà nínú ilé tí ẹnì kan ti ń jí jẹ sààrì, tí ẹlòmíràn sì ń retí ọdún Àjíǹde, tí wọ́n ń bu oúnjẹ pamọ́ fún ẹni tó ń gbààwẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn méjì nìyẹn, ẹnì kan kò retí pé kí ẹnì kejì ṣe bíi tòun. Ti Róòmù ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúwa kan náà, ikú kan náà, àjíǹde kan náà, síbẹ̀ wọn ò jọ sunkún, wọn ò jọ rẹ́rìn-ín.

## Nígbà tí arúgbó Símínà dé

Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, wá sí Róòmù. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni nígbà náà. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìrìn àjò yìí ni wọ́n dáná sun ún ní Símínà, nígbà tí gómìnà sì ní kó bú Kristi kí òun lè dá a sílẹ̀, èsì tó fọ̀ ni pé ó ti tó ọdún 86 tí òun ti ń sìn ín, kò sì ṣe òun níbi kankan rí. Anicetus ni bíṣọ́ọ̀bù Róòmù tó gbà á lálejò.

Àwọn aáwọ̀ kéékèèké mìíràn wà láàárín wọn, wọ́n sì tètè yanjú ìyẹn. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìrékọjá, wọn ò rí i yanjú. Polycarp ní bí òun àti Jòhánù, ọmọ ẹ̀yìn Olúwa, ṣe jọ máa ń ṣe é nìyẹn, bí òun àti àwọn àpọ́sítélì yòókù tí òun mọ̀ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Anicetus ní òun náà ní àwọn alàgbà tó ṣáájú òun, àṣà tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ lòun gbọ́dọ̀ dì mú.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹjọ́ ì bá ti parí síbẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ pé òun jókòó ti Jòhánù, ta ni yóò tún lanu? Anicetus lanu. Nínú ohun tí Irenaeus kọ, kò sí ibi tó ti pe Polycarp ní òpùrọ́, kò sì sí ibi tó ti fojú kéré ohun tí bàbá náà rí. Ó kàn sọ pé òun náà ní bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Polycarp kò tìtorí pé olórí ìjọ nínú ìlú ọba ló ń bá sọ̀rọ̀ kó wá yí ohùn padà. Ẹnikẹ́ni kò borí. Kò sí ìwé àdéhùn tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, wọn ò sì yan ìgbìmọ̀ tí yóò lọ wò ó wá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ sínú ìjọsìn, wọ́n jọ gba Ìdàpọ̀ Mímọ́, Anicetus sì fi ètò Ìdàpọ̀ náà lé Polycarp lọ́wọ́ láti fi bu ọlá fún un.

Ohun tó ṣe yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ní nǹkan bí ìran kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àkókò yìí, Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí àwọn ọmọ ogun ń mú lọ sí Róòmù láti lọ pa, ti kọ lẹ́tà sí ìjọ Símínà, ìjọ Polycarp fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé Ìdàpọ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù bá ṣe, tàbí èyí tí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù fi í lé lọ́wọ́ bá ṣe, òun nìkan ni kí wọ́n kà sí ojúlówó. Nítorí náà, Polycarp mọ ìwúwo ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ibi tí àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù ti hàn jù lọ, tí gbogbo ìjọ ti ń wo ẹni tó ń bù ú fún wọn, ibẹ̀ gan-an ni Anicetus ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹni tí àríyànjiyàn wọn kò tíì parí.

Mo máa ń ro ti àwọn ará Róòmù tó wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bàbá yìí kì í ṣe ọjọ́ tó tọ́ lójú tiwọn. Wọ́n mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù wọn ti bá a fà á, kò gbà. Nísinsìnyí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba búrẹ́dì. Ta ló bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́? Anicetus ló pinnu fún wọn, mo sì rò pé ohun tí aṣáájú wà fún nìyẹn nígbà míì: kó lo àṣẹ tó ní láti fi bu ọlá fún ẹni tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ì bá fẹ́ fọwọ́ tì.

Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n rí àlàáfíà nítorí pé ohun tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú Polycarp, àṣà Jòhánù ni. Ẹni tó lè gba iná sára ju kó bú Kristi lọ, kì í ṣe ẹni tí yóò fi ohun tó gbà lọ́wọ́ àpọ́sítélì ṣeré. Ohun ńlá ni lójú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó díbọ́n pé kékeré ni kí wọ́n tó lè jọ jẹun. Àlàáfíà tí a rí nípa fífi ẹnu gbé ọ̀ràn fúyẹ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èyí ná àwọn méjèèjì.

## Ẹni tí Polycarp kò bá jẹun

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bàbá Símínà jẹ́ ẹni tí gbogbo nǹkan dọ́gba lójú rẹ̀. Irenaeus kan náà ló sọ ọ́ pé nígbà kan, Marcion pàdé Polycarp, ó sì bi í bóyá ó mọ òun. Polycarp ní òun mọ̀ ọ́ dáadáa: àkọ́bí Sátánì ni. Marcion ni ẹni tó ń kọ́ni pé Ọlọ́run tó dá ayé, Ọlọ́run Ísírẹ́lì, kì í ṣe Bàbá Jésù Kristi, tó sì kọ gbogbo Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀. Nígbà tí Polycarp wà ní Róòmù, ó fa ọ̀pọ̀ ènìyàn padà lọ́dọ̀ Marcion àti Valentinus, tí òun náà ń kọ́ni lódì sí ìjọ, wá sínú ìjọ.

Ọkùnrin kan náà nìyí, ẹnu kan náà, ìlú kan náà. Ó bá ẹni tó ń ṣe ọdún lọ́jọ́ mìíràn jẹun, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó sọ Ọlọ́run di méjì. Ignatius ti kọ̀wé sí Polycarp gan-an nígbà kan pé kì í ṣe gbogbo egbò ni oògùn kan ń wò. Ó jọ pé kò gbàgbé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé egbò kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú orí. Ta ni yóò sọ pé èyí ni ti Marcion, èyí ni ti Anicetus? Nígbà tí aṣáájú mìíràn gorí àga Róòmù, ojú tó fi wo egbò kan náà yàtọ̀.

## Victor fa ọ̀bẹ yọ

Ọmọ Áfíríkà ni Victor, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àwọn póòpù Róòmù ṣe sọ, ìyẹn ẹkùn Áfíríkà ti ìjọba Róòmù, ní agbègbè Tùnísíà òde òní. Kí inú wa má tíì dùn jù. Ó gorí àga ní nǹkan bí ọdún 189, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí parí pátápátá. Ní ìgbà tirẹ̀, Blastus àti àwọn mìíràn ní Róòmù ti fa ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nínú ìjọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn nípa òjò tó ti rọ̀ rí. Mo lóye rẹ̀ dé ààyè kan.

Ó sì kọ́kọ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n pe sínọ́ọ̀dù, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, káàkiri: ní Palẹ́sìnì lábẹ́ Theophilus ará Kesaríà àti Narcissus ará Jerúsálẹ́mù, ní Pọ́ńtù, ní Gọ́ọ̀lù níbi tí Irenaeus wà, ní Osrhoene lápá ìlà oòrùn, àti ní Róòmù fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn fẹnu kò pé ọjọ́ Àìkú ni. Éṣíà nìkan ló kù.

Polycrates, bíṣọ́ọ̀bù Éfésù, ló dáhùn fún wọn, èsì rẹ̀ sì dùn ún kà títí di òní. Ó ní àwọn ń pa ọjọ́ náà mọ́ bó ṣe wà, àwọn ò fi kún un, àwọn ò yọ kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó sùn sí ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ń retí àjíǹde. Fílípì wà ní Hierapólísì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tó darúgbó láìlọ́kọ, ọmọbìnrin rẹ̀ mìíràn wà ní Éfésù. (Ẹ kíyè sí i pé ó ka àwọn obìnrin mọ́ ìmọ́lẹ̀ ńlá ilẹ̀ náà, kò sì rí i bí ohun tó ń béèrè àlàyé.) Jòhánù tó fara ti àyà Olúwa wà níbẹ̀, Polycarp wà ní Símínà, Melito wà ní Sádísì. Ó ní méje nínú ìbátan òun ló ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, òun ni ìkẹjọ. Ó ní òun ti lo ọdún 65 nínú Olúwa, ẹnikẹ́ni ò lè dẹ́rù ba òun, nítorí àwọn tó ju òun lọ ti sọ ọ́ pé Ọlọ́run ló yẹ ká gbọ́ràn sí lẹ́nu ju ènìyàn lọ.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo lẹ́tà Polycrates kò ju èyí lọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jiyàn. Ibojì ló ń tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ Róòmù náà ní Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, nítorí náà kò dájú pé àkísà lásán lè ṣẹ́gun fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Victor ṣe lẹ́yìn tó ka lẹ́tà yìí ni pé ó gbìyànjú láti gé gbogbo ìjọ Éṣíà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kọ̀wé pé gbogbo àwọn ará tó wà níbẹ̀ ti kúrò nínú ìdàpọ̀. Kì í ṣe Polycrates nìkan. Gbogbo wọn ni, títí kan opó tó ń gbààwẹ̀ ní Símínà tí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Victor. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń wu aṣáájú tó rẹ̀ láti gbìyànjú ẹ̀.

## Àwọn tó bá a wí

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà mí lọ́kàn jù lọ nìyí. Àwọn tó dìde bá Victor wí kì í ṣe ará Éṣíà. Eusebius sọ pé ìwà yìí kò tẹ́ gbogbo bíṣọ́ọ̀bù lọ́rùn, pé wọ́n kọ̀wé sí i kó ro ti àlàáfíà àti ìfẹ́ ọmọnìkejì, àwọn kan nínú wọn sì fi ọ̀rọ̀ líle nà án. Irenaeus wà lára wọn. Síbẹ̀ òun àti Victor ló jọ wà lápá kan lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ó tẹnu mọ́ ọn nínú lẹ́tà náà pé ọjọ́ Olúwa nìkan ló yẹ láti ṣe àjọ̀dún àjíǹde. Kò gba ti Éṣíà. Ó gba ti Victor, ó sì bá a wí.

Ẹ wo irú ẹni tó jẹ́. Éṣíà ló ti dàgbà. Nínú lẹ́tà mìíràn tó kọ sí Florinus, alàgbà kan ní Róòmù, ó ní òun ṣì lè tọ́ka sí ibi tí Polycarp máa ń jókòó sí tó bá ń kọ́ni, bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Jòhánù. Ọmọdé ni òun nígbà náà. Ó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní Lyon lẹ́yìn inúnibíni ọdún 177, nígbà tí Pothinus, bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní ẹni 90 ọdún, kú sínú túbú. Lára àwọn tí wọ́n pa ní Lyon nígbà náà ni Attalus tó wá láti Págámù, àti Alexander, oníṣègùn, tó wá láti Fíríjíà. Ìjọ Lyon sì kọ ìròyìn ikú wọn ránṣẹ́ sí àwọn ará ní Éṣíà àti Fíríjíà. Bí Victor bá gé Éṣíà kúrò, ilé àwọn ajẹ́rìíkú Lyon ló gé. Irenaeus kò sọ ọ́ báyìí nínú ohun tí Eusebius tọ́jú fún wa, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí kò ṣe ní wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọgbọ́n ló fi bá Victor sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, ààwẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń gba ọjọ́ kan, àwọn kan méjì, àwọn kan jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn ń ka wákàtí 40 pọ̀, ọ̀sán àti òru, pé ọjọ́ kan ni. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti wà láti ìgbà àwọn tó ṣáájú wa, wọ́n sì gbé ní àlàáfíà. Ibí ni gbólóhùn tó ń dà mí láàmú ti jáde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; bí ará ọ̀nà mẹ́rin bá pàdé nínú ọjà kan, a mọ̀ pé ọjà náà wà lóòótọ́. Bí gbogbo wọn bá ń gba ààwẹ̀ kan náà nítorí àṣẹ ẹnì kan, ohun tí a ó rí kò ju ìgbọràn sí ẹni náà lọ. Nígbà tí wọ́n ń gbà á lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn ò sì kọ ara wọn sílẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn ló so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá ka orúkọ: Anicetus, Pius, Hyginus, Telesphorus, Xystus. Bíṣọ́ọ̀bù Róòmù ni gbogbo wọn, orí àga tí Victor wà yìí ni wọ́n wà. Wọn ò ṣe ọjọ́ kẹrìnlá, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn èèyàn wọn ṣe é, síbẹ̀ wọ́n wà ní àlàáfíà pẹ̀lú àwọn tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n tiẹ̀ ń fi Ìdàpọ̀ Mímọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbà yẹn ló tó wá sọ ìtàn Polycarp àti Anicetus. Polycrates fi àwọn bàbá rẹ̀ kọ̀ fún Victor. Irenaeus fi àwọn bàbá Victor kọ̀ fún Victor. Ìwọ tó sọ pé o ń dáàbò bo àṣà Róòmù, àṣà Róòmù náà nìyí.

Kò sí ará Éṣíà tí Victor lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Tí Polycrates bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé aṣáájú jàre lórí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, òun lẹni tó ní ẹnu láti sọ fún un pé ọ̀nà tó gbà kò dáa. Mo sì rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wọ́n jù lọ nínú àwọn ìjọ wa. A ní àwọn tó ń bá olórí jà, a ní àwọn tó ń yìn ín. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ká a lẹ́nu pé "ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni àmì òróró mi", á sì gbé e mì. Ìjọ á ya, a ó wá máa béèrè ibi tí èṣù gbà wọlé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Irenaeus kò gbọ̀nà ẹ̀yìn. Ó kọ̀wé ní orúkọ gbogbo àwọn ará Gọ́ọ̀lù, kì í ṣe sí Victor nìkan, ó kọ ọ́ sí ọ̀pọ̀ àwọn olórí ìjọ mìíràn pẹ̀lú, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú Róòmù kò bá Róòmù lọ́wọ́ sí ọ̀bẹ yìí.

## Ọjọ́ Àìkú borí

Ọjọ́ Àìkú ló borí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Níséà jókòó ní ọdún 325, tí wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe Àjíǹde lọ́jọ́ kan, Éṣíà wà lára àwọn ẹkùn tí Ọba Constantine kà nínú lẹ́tà rẹ̀ mọ́ àwọn tó ti ń ṣe é bí àwọn yòókù. Lẹ́tà náà kò dùn mọ́ mi. Constantine fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin bú àwọn Júù nínú rẹ̀, ó ní kò yẹ kí àwọn Kristẹni ní ohunkóhun pọ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ tí Polycarp àti Anicetus torí rẹ̀ tọ́ka sí àwọn bàbá, ọba fi èébú tì í lẹ́yìn.

Àṣẹ ọba náà kò sì fún wa ní ọjọ́ kan títí ayé. Láti ìgbà tí Róòmù ti tún kàlẹ́ńdà ṣe ní ọdún 1582, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ìlà oòrùn kò bá a lọ lórí ọjọ́ Àjíǹde. Ní ọdún 2024, àwa ṣe tiwa ní 31 oṣù Kẹta, àwọn ṣe tiwọn ní 5 oṣù Karùn-ún. Ní ọdún 2025, tí ó pé 1700 ọdún tí ìgbìmọ̀ Níséà jókòó, ọjọ́ méjèèjì bọ́ sí 20 oṣù Kẹrin. Kàlẹ́ńdà ló pàdé ara wọn lásán, ẹnikẹ́ni kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ní 2026 wọ́n tún pínyà, 5 oṣù Kẹrin fún wa, 12 fún wọn.

Ohun kan tó sábà máa ń bọ́ lójú àwọn tó ń sọ ìtàn yìí wà lẹ́yìn lẹ́tà Irenaeus nínú Eusebius. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Palẹ́sìnì, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ èrò wọn, ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé àwọn ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ. Wọ́n fi kún un pé ọjọ́ kan náà ni àwọn àti Alẹkisáńdíríà ń ṣe, nítorí pé lẹ́tà ń ti ọ̀dọ̀ àwọn lọ sọ́dọ̀ wọn, lẹ́tà sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sọ́dọ̀ àwọn. Wọn ò fi Alẹkisáńdíríà bú, wọn ò sì halẹ̀ mọ́ Éfésù. Ẹnì kan á jókòó ní Kesaríà, á kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹlòmíràn á sì gbé e lọ sí Íjíbítì kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.